Níbo Ló Ti Dẹ̀?

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó ṣáájú ìkórè ni. A wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Fìdítì, bándì ń gbáradì, èèpo ọsàn kún abẹ́ àga bó ṣe máa ń rí ní ìlú wa bí àkókò ọsàn bá ti wọlé. Ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ trọ́ńpẹ́ẹ̀tì ló ń da orin rú. Bó bá fọn dò, ó mọ́. Bó bá fọn mí, ó mọ́. Bó bá wá dé sò, nǹkan kan á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lára fèrè náà bí eṣinṣin tó há sínú agolo mílíìkì. Bó bá kọjá sí là, ariwo náà á dákẹ́. Ọmọ náà nu ẹnu, ó tún un fọn, ó wolẹ̀. Ó rò pé ètè òun ló ń ṣe é.

Ọ̀gá bándì wa kò mú irinṣẹ́ kankan dání. Ó ní, “Fọn sò, má dá a dúró.” Bí ọmọ náà ṣe ń fọn ún lọ ni bàbá náà ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ ara fèrè náà lọ́kọ̀ọ̀kan: orí fáàfù kìíní, orí ìkejì, orí ìkẹta, ìdérí tó wà nísàlẹ̀ wọn, ìlẹ̀kùn omi. Nígbà tí ìka rẹ̀ kan nọ́ọ̀tì kékeré tó wà ní ìdí ọ̀pá kẹta, eṣinṣin náà kú. Ó fi èékánná yí nọ́ọ̀tì náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó tán. Ọsàn tí mo ń bó lọ́wọ́ kò tíì bọ́ tán.

“Ẹ ṣeun, sà,” ọmọ náà wí.

“Má tíì dúpẹ́,” bàbá náà dá a lóhùn. Ó ti di ọ̀pá àkọ́kọ́ mú, èyí tí ẹnu fèrè máa ń wọ̀, ó ń mì ín díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pá náà ń lọ, ó ń bọ̀. “Eléyìí náà ti já.”

Nǹkan méjì ló dẹ̀ lára fèrè kan náà lọ́jọ́ kan náà, ìtọ́jú wọn ò sì jọra rárá. Èyí tí a fi èékánná tún ṣe, wọ́n ṣe é kí ó lè máa tú ni. Wọn ò ṣe èkejì fún títú láéláé. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè tọ́jú trọ́ńpẹ́ẹ̀tì nílé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ló máa ń fi gọ́ọ̀mù ba fèrè jẹ́, mo sì ti jẹ́ ẹni náà rí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ sò nìkan ni nọ́ọ̀tì náà ń dá lóhùn? Ohun gbogbo tó bá dẹ̀ ló ní ohùn tirẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé síbí sínú abọ́ onírin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò á ti rí i: orin kan á kọjá, síbí kò ní mira, òmíràn á dé, síbí á máa gbọ̀n rìrì. Bí ohùn kan bá ń mì lọ́nà tó bá ìmì nǹkan mu, nǹkan náà á bá a jó. Nítorí náà, bí fèrè bá ń kùn lórí ohùn kan ṣoṣo tó sì mọ́ lórí ìyókù, ẹ má bá ọmọ wí. Ẹ ní kí ó di ohùn náà mú, kí ẹ sì máa fi ìka wá ibi tó ti dẹ̀ kiri.

Kàkàkí tí wọ́n ń fọn láàfin Ọ̀yọ́, tí kò jìnnà sí wa, kì í fún èèyàn ní irú wàhálà yìí. Ó gùn gbọọrọ, kò ní fáàfù, kò ní sípíríǹgì, kò ní síkúrù kan. Ètè àti èémí ẹni tó ń fọn ún ló ń yí ohùn rẹ̀ padà. Ojú ibi tí wọ́n ti fi apá kan so mọ́ èkejì nìkan ló lè dẹ̀ lára rẹ̀. Trọ́ńpẹ́ẹ̀tì òyìnbó náà kò ní fáàfù tẹ́lẹ̀. Ọdún 1818 ni Heinrich Stölzel àti Friedrich Blühmel gba ìwé àṣẹ lórí fáàfù ní ilẹ̀ Jámánì, nǹkan bí ogún ọdún sí i ni François Périnet ní Paris ṣe irú èyí tí a ń tẹ̀ lónìí. Bí a bá na trọ́ńpẹ́ẹ̀tì tí bándì ń lò tán, ó gùn tó nǹkan bí 148 sẹ̀ǹtímítà. Fáàfù kọ̀ọ̀kan tí a bá tẹ̀ á tún fi ọ̀nà díẹ̀ kún un, kí ohùn lè wálẹ̀. Mẹ́ta péré ni wọ́n, orí wọn sì ni gbogbo ohun tí Victor Ọláìyá fi trọ́ńpẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sọ fún wa dúró lé, kó tó di olóògbé ní 2020. Ṣùgbọ́n fáàfù kò dá wá. Ó kó sípíríǹgì, síkúrù, nọ́ọ̀tì, fẹ́ẹ̀tì àti kọ́ọ̀kì dání wá, àwọn wọ̀nyí ló sì ń dẹ̀.

Bí trọ́ńpẹ́ẹ̀tì ṣe dé ọ̀dọ̀ wa kò ṣòro láti mọ̀. Ológun ní tiẹ̀, ọlọ́pàá ní tiẹ̀, ìjọ ní tiẹ̀. Ẹgbẹ́ Boys’ Brigade tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Glasgow ní 1883 dé Èkó ní 1908, ìlù àti fèrè sì ń tẹ̀ lé e lọ sí ibi gbogbo tó bá dé. Èyí tó wà lọ́wọ́ bándì ìjọ lónìí, tòkunbọ̀ ni, tàbí tuntun olówó pọ́ọ́kú láti Ṣáínà tàbí Íńdíà. Láti Fìdítì dé Ìlọrà, èmi ò tíì rí ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tó kọ ọ́ sójú pátákó pé òun ń tún trọ́ńpẹ́ẹ̀tì ṣe. Ọwọ́ ara ẹni ló kù.

Ohun tó yẹ kí ọwọ́ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé kò gbọdọ̀ lágbára jù. Idẹ ni fèrè yìí, bàbà tí wọ́n fi síńkì lù, kò sì nípọn ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ. Bọ́tìnì tí ìka ń tẹ̀ lórí fáàfù, ìdérí òkè, ìdérí ìsàlẹ̀, síkúrù tó di ìwé orin mú, gbogbo rẹ̀ pátá, ìka ni a fi ń fún un. Bí ìka bá ti fún un dé ibi tó lè dé, ó tó. Ẹni tó bá gbé píláyà lé e á jẹ eyín rẹ̀, eyín síkúrù trọ́ńpẹ́ẹ̀tì Yamaha kì í sì í fi gbogbo ìgbà bá ti Bach mu, tí ẹ ó fi yá ti aládùúgbò yín. Bí síkúrù kan bá ń tú ṣáá lẹ́yìn tí ẹ ti fún un, ẹ kán kútẹ́ẹ̀sì tí àwọn obìnrin ń kùn sí èékánná sí eyín rẹ̀ kí ẹ tó yí i wọlé. Ó máa dì í mú níwọ̀nba, ìka sì lè tú u lọ́jọ́ mìíràn. Ọmọ mi obìnrin ń bínú nítorí kútẹ́ẹ̀sì rẹ̀ tó ń tán. Bándì ò tíì rà á padà fún un.

Bí ẹ bá gbọ́ kò-kò-kò nígbà tí ìka ń tẹ fáàfù, irin ti ń kan irin nìyẹn. Òrùka fẹ́ẹ̀tì kékeré tó wà lábẹ́ bọ́tìnì ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ tú bọ́tìnì, ẹ gé òmíràn láti ara aṣọ òwú nínípọn, ẹ lu ihò sí àárín rẹ̀. Kó nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí bó bá nípọn jù tàbí tó fẹ́lẹ́ jù, ihò ara fáàfù kò ní dojú kọ ihò ara ilé rẹ̀ dáadáa, ohùn á sì há.

Ìlẹ̀kùn omi, èyí tí a ń ṣí láti da itọ́ nù, ló ń fún àwọn ọmọ bándì ní ìdààmú jù. Kọ́ọ̀kì tó di ihò rẹ̀ á gbẹ, á já bọ́, afẹ́fẹ́ á máa sá, ohùn ìsàlẹ̀ á wá máa rọ bí ewé gbígbóná. Rọ́bà sílípà ló ń gbà wá. Sílípà tó ti já lókùn, tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ mọ́, àmọ́ tó ṣì rọ̀. Ẹ fi abẹ́ gé róbótó kan tó bá ilé kọ́ọ̀kì náà mu, kí ojú rẹ̀ tẹ́ dáadáa, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù àwọn oníbàtà lẹ̀ ẹ́. Ibí yìí nìkan ni gọ́ọ̀mù ti lẹ́tọ̀ọ́ lára trọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ mọ́jú, ihò náà á sì sàmì sí ara rọ́bà fúnra rẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ó dí, ẹ kán omi kan sí etí rẹ̀, kí ẹnì kan máa fọn fèrè náà. Bí omi bá ń hó, afẹ́fẹ́ ń jáde. Bó bá jẹ́ sípíríǹgì ìlẹ̀kùn náà ló ṣẹ́ lójú ọ̀nà ibi ìsìnkú, rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó, ẹ wé e mọ́ ìlẹ̀kùn náà àti ọ̀pá rẹ̀, ẹ máa fọn lọ.

Fáàfù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àlàfo tó wà láàárín òun àti ilé rẹ̀ kò tó ìnípọn irun orí. Nítorí náà eruku ọyẹ́ lásán tó láti dá a dúró, kò sì sí ohun tí ọwọ́ ilé lè ṣe sí èyí tó bá ti jẹ gbòòrò, àfi kí a fi epo tó ki díẹ̀ dí àlàfo náà. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ dára fún un. Òróró ìsebẹ̀ kò dára. Mo mọ ẹni tó ta á sí i, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fáàfù náà lẹ̀ mọ́ ilé bí àkàrà tó lẹ̀ mọ́ agbada. Bí ẹ bá sì yọ wọ́n láti fọ̀, ẹ má kó wọn pọ̀ sínú abọ́ kan láìwo nọ́ńbà ara wọn. Mo fi ìkìíní sílé ìkẹta rí, níbi òkú àgbà kan. Wọ́n ní kí n dá orin, mo fẹ́ afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ náà padà sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ìlù nìkan ló bá òkú dé ẹnu ibojì.

Ọ̀pá tí à ń fà wọlé fà jáde, bó bá dẹ̀ tó ń yọ bọ́ nígbà tí bándì ń yan lọ lójú títì, básílíìnì ni. Bó bá ṣì ń yọ, gíríìsì tó ki ju básílíìnì lọ. Bó bá jẹ́ ẹnu fèrè ló ń mì nínú ihò rẹ̀, ẹ ya bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ẹ wé e lẹ́ẹ̀kan mọ́ ìdí rẹ̀, ẹ fi í wọlé.

Ẹnu fèrè tó há gan-an ló yẹ kí a bẹ̀rù ju èyí tó dẹ̀ lọ. Ọmọ á gbá a lọ́wọ́, á wọlé ṣinṣin, kò ní jáde mọ́. Wọ́n á wá píláyà wá, ẹnì kan á di fèrè mú, ẹnì kejì á máa lọ́ ọ. Ẹnu fèrè lè jáde lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀pá àkọ́kọ́ tí wọ́n lọ́ pẹ̀lú rẹ̀ á já kúrò lára ọ̀pá ìdè tó gbé e dúró. Bó ṣe já lára fèrè ọmọ tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ọ̀gá bi í, ó jẹ́wọ́. Bí ẹnu fèrè bá há, ẹ fi yìnyín omi tútù inú ọ̀rá sí ìdí ẹnu fèrè náà kó sún kì, kí ẹ da omi gbígbóná sí aṣọ, kí ẹ fi aṣọ náà wé ìta ọ̀pá kó fẹ̀, kí ẹ wá rọra fi ọwọ́ lọ́ ọ. Bí kò bá jáde, ẹ dúró di ọ̀la.

A wá dé ìdí ọ̀pá ìdè. Láàárín ọ̀pá fèrè kan àti èkejì ni irin kúkúrú wà tó so wọ́n pọ̀. Wọn kò fi síkúrù dè é, wọ́n fi léèdì jó o mọ́ ara ni, irú èyí tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń lò. Irú léèdì bẹ́ẹ̀ máa ń yọ́ ní nǹkan bí 183 sí 190 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Idẹ fúnra rẹ̀ kì í yọ́ títí iná yóò fi kọjá 900. Àárín iná méjèèjì yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà wà, ohun tó sì ń ba fèrè jẹ́ ni pé a kì í dúró síbẹ̀.

Àwọn kan á ní kí a fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́. Mo ṣe é. Ó mú fún ọjọ́ mọ́kànlá. Súpà gúlù le gbagidi, fèrè sì ń gbọ̀n, nítorí náà ó fọ́ bíi gíláàsì. Ìyà tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ló pọ̀ jù: léèdì kì í mú ibi tí gúlù ti kàn. A ní láti ha gbogbo rẹ̀ kúrò, èyí tó sì kù tí iná kàn rú èéfín tó ta wá lójú títí a fi jáde síta. Àwọn mìíràn gbé e lọ sọ́dọ̀ alájórin. Iná gáàsì tó fi ń jó géètì kọjá 3,000. Èyí tí mo fojú rí, ọ̀pá ìdè náà kò lẹ̀, àmọ́ ihò tó gba àtàǹpàkò yọ lára fèrè. Atúnrédíò-ṣe ní tiẹ̀, iná irin rẹ̀ kéré jù. Idẹ á máa fa ooru náà lọ bí iyanrìn ṣe ń fa omi, léèdì á dì sórí rẹ̀ bí ìda láìwọ inú.

Ẹni tó ní iná tó ṣe déédéé ni alágbẹ̀dẹ góòlù. Iná rẹ̀ kéré, ó lè rọra darí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì mọ́ra pẹ̀lú irin tí kò nípọn. Ẹ ra léèdì àti páásì tó ń jẹ́ kó lẹ̀ lọ́wọ́ atúnrédíò-ṣe, kí ẹ gbé e lọ bá a. Ẹ sọ fún un kó má lo fàdákà tí òun fi ń jó òrùka, nítorí èyí nílò iná tó ju 600 lọ. Kó tó yọ́, gbogbo ọ̀pá ìdè yòókù á ti yọ́ bọ́ sílẹ̀, trọ́ńpẹ́ẹ̀tì kan á di ìdì páìpù.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ góòlù tiwa lọ́jọ́ Túsìdeé, a kọ́kọ́ yọ fáàfù, sípíríǹgì, fẹ́ẹ̀tì àti rọ́bà sílípà kúrò pátá. A ha ojú méjèèjì títí idẹ fi pọ́n roro. A gbé ọ̀pá náà sí ààyè rẹ̀ láti wò ó bóyá ó jókòó fúnra rẹ̀. Kò jókòó, píláyà ọjọ́sí ti lọ́ ọ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á fi tipátipá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á dè é, wọ́n á jó o bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá tó bá sì wà nínú ìnira á máa tiraka títí á fi já padà. Ọ̀gá wa fi àtàǹpàkò rọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, títí ó fi dúró láìsí ẹni tó di í mú. Ó wá fi wáyà irin tẹ́ẹ́rẹ́ dè é. Ó ní kì í ṣe wáyà bàbà, nítorí léèdì á lẹ̀ mọ́ bàbà, kò ní tú mọ́. A fi àkísà tútù bo àwọn ọ̀pá ìdè tó wà nítòsí kí iná má bàa dé ọ̀dọ̀ wọn.

Alágbẹ̀dẹ pa páásì sí i. Ó ń gbé iná lọ, ó ń gbé e bọ̀, kò jẹ́ kó dúró lójú kan, ibi tó nípọn ló sì kọ́kọ́ mú gbóná. Kò gbé léèdì sínú iná. Idẹ gbígbóná ló fi kan, léèdì náà sì tàn bí omi, ó sáré wọ àárín ojú méjèèjì fúnra rẹ̀, ó yọ létí òdìkejì bí ìlà fàdákà. Ó gbé iná kúrò. Ẹnikẹ́ni ò mira, nítorí bí ọ̀pá bá yẹ̀ kí léèdì tó dì, àtúnbẹ̀rẹ̀ ni. Kíkùn wúrà ara fèrè náà dúdú níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí èyí dùn yín, ohùn ò sí nínú kíkùn. A fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nínú lóde, torí páásì máa ń jẹ idẹ, torí ẹnu èèyàn sì máa kan án. A fọ ọwọ́ wa náà. Léèdì kì í ṣe ohun tí a ń jẹ.

Àmọ́ Túsìdeé nìyẹn, ìkórè sì ti kọjá. Ní Sátidé tí a rí i pé ó ti já, kò sí alágbẹ̀dẹ kankan tó ṣì ṣílẹ̀kùn. Ohun tí ọ̀gá ṣe ni pé ó gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ kan tẹ́ẹ́rẹ́, ó fà á le, ó fi wé ọ̀pá náà àti ìdè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó kì í bọ abẹ́ ara rẹ̀. Kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan, kò bo nǹkan kan mọ́lẹ̀ tí a ó ha lọ́la. Ọmọ náà fọn ìkórè látòwúrọ̀ títí wọ́n fi pín ìrẹsì tán, rọ́bà dúdú lára fèrè rẹ̀ bí ẹni tó fi aṣọ di ọgbẹ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, fèrè ti padà dé láti ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, gbogbo nọ́ọ̀tì ti le, kútẹ́ẹ̀sì ti gbẹ lórí síkúrù. Ó gbé e sẹ́nu nínú ṣọ́ọ̀ṣì, torí òjò ń rọ̀. Dò mọ́. Mí mọ́. Ó dé sò, eṣinṣin náà padà dé.

Ojú ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì. Ọ̀gá ní kó di í mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka wá a kiri: fáàfù, ìdérí, nọ́ọ̀tì, ìlẹ̀kùn omi, ojú léèdì tuntun. Ariwo náà kò dákẹ́. Ó dúró, ó dẹtí, ó fi fèrè sílẹ̀, ó rìn lọ sí ojú fèrèsé kẹta lápá òsì, ó sì fi ìka kan tẹ gíláàsì ìsàlẹ̀ tó ti yẹ̀ díẹ̀ nínú irin rẹ̀. Sò mọ́.